Lẹ́tà Cervera

Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ láti aago mẹ́fà.

Ọ̀gá ní kí n fi ìwé ìṣirò kan ránṣẹ́ lónìí, ìwé tí mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì pé kò pé. Mo fi ránṣẹ́. Níbi tí mo ti ń bínú sí ara mi ni mo ti rántí Pascual Cervera, ọ̀gágun ojú omi ará Sípéènì tí mo ń ka ìtàn rẹ̀ láti ìjẹta.

Ẹkùn Cádiz ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1839. Nígbà tí ìjà pẹ̀lú Amẹ́ríkà ń bọ̀ lọ́dún 1898, léraléra ló kọ̀wé sí ìjọba rẹ̀ ní Madrid pé agbára àwọn ò gbé e. Cristóbal Colón, ọkọ̀ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì ní ìbọn àgbá ńlá rẹ̀ rárá. Wọ́n ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ.

Ibi tí mo kà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀ nìyí. Cervera wà ní èbúté Santiago de Cuba, ní Kúbà tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Òru mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, Hobson, ọ̀gá kan lára ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, àti ọmọ ogun méje gbé ọkọ̀ kan wá láti rì í síbẹ̀, kí ọ̀nà lè dí. Ọkọ̀ rì, ọ̀nà ò dí. Ilẹ̀ mọ́ bá àwọn mẹ́jọ nínú omi, wọ́n rọ̀ mọ́ pátákó tó léfòó. Cervera, baba ẹni ọdún 59, fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ kékeré lọ bá wọn, ó na ọwọ́, ó sì fa Hobson sókè. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fi àsíá funfun ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀tá pé ọmọ yín ò kú o.

Oṣù kan gééré lẹ́yìn ìyẹn, gómìnà Kúbà ti pàṣẹ, Cervera sì kó ọkọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lójú mọmọ. Ọ̀kan ò yè. Ó lé ní 300 èèyàn rẹ̀ tó kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú lára àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ Cervera ló ràn án lọ́wọ́ dé etíkun. Nígbà tí wọ́n mú un wọ ọkọ̀ Iowa, àwọn ọmọ ogun ọ̀tá hó yè fún un.

Nílé, wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun, wọ́n dá a láre. Ó tẹ àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde kí gbogbo ayé kà á.

Èmi? Ẹnu lásán ni mo fi sọ tèmi fún ọ̀gá.