Pákó arère àti òjò ará Ṣakí

Pákó ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi ni. Nítorí náà, ẹ má retí kí n wá bú agégi níbí. Ọ̀rọ̀ kan nípa igbó àti òjò ló há mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Oníbàárà mi kan, àgbẹ̀ ará Ṣakí tó ń kọ́lé, pè mí pé òun ò tíì lè san owó arère tó kù lọ́rùn òun. Òjò kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbin àgbàdo, ni òjò bá dá, oòrùn sì jó àgbàdo náà. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú lẹ ni òjò." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà gan-an, tapólì ni mo fi bo pákó mi láti àárọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń mú mi lọ sí J4, nínú igbó ọba Ọmọ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1925. Bí òjò bá rọ̀ lóru, láàárọ̀ ẹ máa rí nǹkan funfun tó ń rú lórí àwọn igi bí ẹni pé wọ́n ń dáná nísàlẹ̀. Mo bi bàbá mi pé ta ló ń dáná. Ó ní, "Igbó ló ń mí." Àwàdà ni mo pè é.

Ẹni tó bá ti gbé pákó tútù rí kò ní pè é láwàdà. Arère tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, géńdé méjì ni yóò gbé e. Tó bá gbẹ tán, ọ̀kan á gbé e sáré. Omi ló lọ. Igi tó wà ní ìdúró kì í sì kó omi yẹn pamọ́: gbòǹgbò ń fà á nílẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ ara ewé ń tú u sáfẹ́fẹ́. Èmi àti ọmọ mi so ọ̀rá funfun mọ́ ẹ̀ka máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, omi ti sun sísàlẹ̀ ọ̀rá. Ẹ̀ka kan ṣoṣo o. Igi igbó ńlá lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà jáde lójúmọ́.

Ooru omi yìí ń fẹ́ nǹkan tí yóò lẹ̀ mọ́, bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò mínírà tútù. Igi náà ló tún ń pèsè rẹ̀. Òórùn igbó tí ẹ ń gbọ́ lọ́sàn-án, nǹkan bí òróró tó fúyẹ́ ló ń fò lára ewé. Lójú oòrùn, ó ń di èérún tí ojú ò lè rí, omi á gùn ún, á di ìkùukùu. Eruku ara olú náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ibi tó ti wá kàn mí nìyí. Òkun Àtìláńtíìkì ni òjò wa ti ń gòkè wá, òkun ò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú. Àmọ́ atẹ́gùn yẹn ń lọ sókè ọ̀hún, bó sì ṣe ń rọ̀jò lọ́nà ni omi inú rẹ̀ ń dín kù. Igbó tó bá pàdé ló ń bu omi kún un. Ní 2012, Dominick Spracklen ti Yunifásítì Leeds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ òjò ilẹ̀ olóoru wò. Ní ibi tó pọ̀ jù, atẹ́gùn tó gba orí ewéko tó dí kọjá ń rọ òjò tó ìlọ́po méjì, ó kéré tán, ti èyí tó gba orí ilẹ̀ tí ewéko rẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn ará Brazil ń pe irú omi arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lórí Amazon ní odò tó ń fò.

(Ẹlòmíràn á ní òun ń rí ìkùukùu lórí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Òótọ́ ni, bí ibẹ̀ bá kéré, ooru ilẹ̀ náà lè ta ìkùukùu sókè. Tó bá fẹ̀ jù, omi tí yóò gbé sókè ni kò ní sí mọ́.)

Arère tí mo tà fún ará Ṣakí yìí, ó jọ pé òjò rẹ̀ ni mo là ní pákó, tí mo tún tà fún un láwìn.

Mo pè é padà pé kó fi owó náà sílẹ̀ di ìgbà ìkórè. Ó ní kí ló dé. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Òjò ni." Ó dúpẹ́ gan-an. Ló bá bi mí pé èló ni ìrókò báyìí.