Tom Watson àti Bruce tó ń gbé àpò fún un

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé iṣẹ́ kádì ò ju kéèyàn máa ru àpò igi gọ́ọ̀fù kiri pápá lọ, ọ̀rọ̀ Bruce Edwards ni mo fi ń dá a lóhùn. Ọdún 1973 ló pàdé Tom Watson, agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, ní St. Louis. Bruce ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama, Watson náà ò tíì gba ife kankan nínú ìdíje PGA, ìyẹn ìdíje àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà. Bruce ní kó jẹ́ kí òun máa bá a gbé àpò, ìyẹn sì gbà.

Ẹ wá fídíò US Open 1982, ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá kan, ní Pebble Beach wò. Wọ́n ti dé ihò kẹtàdínlógún. Jack Nicklaus tí wọ́n jọ ń díje ti parí tiẹ̀, àmì òun àti Watson sì dọ́gba. Bọ́ọ̀lù Watson há sínú koríko gíga. Bruce ní kó ṣáà gbá a sún mọ́ ihò. Watson ní rárá o, òun máa gbá a wọlé ni. Ó rọra bù ú sókè, bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó ń yí lọ gbirigbiri, ó lu igi àsíá, ó kó sínú ihò! Watson bẹ́ sáré, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò: Bruce ló ń nà án sí. Gbogbo èrò ń hó yèè, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wá.

Ní 1989, Bruce lọ bá Greg Norman, agbá-gọ́ọ̀fù míì, ṣiṣẹ́. Watson ò bínú. Nígbà tí Bruce sì padà dé ní 1992, Watson gbé àpò fún un padà. Lójú tèmi, èyí gan-an ló ṣòro jù. Ọ̀gá mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Oṣù kìíní 2003 ni dókítà sọ fún Bruce pé ó ní ALS, àrùn tó máa ń gba agbára lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní US Open ọdún yẹn ní Olympia Fields, ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, síbẹ̀ ó gbé àpò. Watson, ẹni ọdún 53, gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 65 péré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ (ẹni tó bá gbá a níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí), ó sì wà lára àwọn tó ṣíwájú. Orúkọ Bruce làwọn èrò ń pè, àwọn méjèèjì sì ń sunkún. Èmi náà ò lè wò ó kí omi má bọ́ lójú mi.

Bruce kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2004, ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje gọ́ọ̀fù Masters. Watson ṣì gbá tiẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó gégùn-ún fún àrùn náà níwájú àwọn oníròyìn, ó ní wọ́n á rí oògùn rẹ̀ dandan.