Ìlà 27 lórí ojú tó ń tẹ̀ kiri

Nínú gbogbo algebraic geometry, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò tó ń fi ìkuéṣọ̀n ṣàlàyé ìrísí, èyí ló wù mí jù lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ìkuéṣọ̀n kan tó ní x, y àti z, tí power tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 3, gbogbo póìǹtì tó bá sọ ọ́ di òdo máa para pọ̀ di ojú kan (surface) tó ń tẹ̀ kiri, tó ń wú síbí tó ń jìn sọ́hùn-ún, ẹni tó bá wò ó ò tiẹ̀ ní rò pé ìlà tó gún gbọọrọ lè wà lára ẹ̀. Ó wà o! Lọ́dún 1849 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Arthur Cayley àti George Salmon, rí i pé tójú yẹn bá ṣáà ti dán, tí ò ní ṣóńṣó, tí ò sì gé ara ẹ̀ kọjá, ìlà 27 ló máa wà lára ẹ̀, kò ní lé, kò ní dín.

Àmọ́ a gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà complex láyè, ìyẹn àwọn nọ́ńbà tó lè ní square root -1 nínú, ká sì ka àwọn póìǹtì infinity mọ́ ọn, níbi táwọn ìlà parallel ti ń pàdé. Tó bá jẹ́ ìlà real nìkan la fẹ́, ìyẹn èyí tó ń lo nọ́ńbà tá a mọ̀ dáadáa nìkan, tí kò ní square root -1 nínú, Ludwig Schläfli, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ti fi hàn pé 3, 7, 15 tàbí 27 nìkan la lè rí. Alfred Clebsch, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, wá rí ojú kan tí gbogbo 27 ti jẹ́ real, wọ́n sì fi plaster mọ ọ́n, kí èèyàn lè fọwọ́ tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan yẹn máa ń pàdé 10 nínú àwọn yòókù. Ó rẹwà gan-an ni!