Ìgò tèmi ló purọ́, kì í ṣe sátẹ́láìtì

Èmi ni ará iwájú tó jìn sí kòtò nínú iṣẹ́ yìí: kíkó afẹ́fẹ́ sínú ìgò, láti fi yẹ iye CO2 (gáàsì tí à ń mí síta) tí sátẹ́láìtì kà wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ṣe é, níbi tí oko wíìtì ti tẹ́ lọ bí ẹní. Bàálù kékeré ni, àpótí ìgò gíláàsì 12 sì wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ á gbé e dé nǹkan bíi kìlómítà 5 sókè, á wá máa yípo bọ̀ nílẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fa afẹ́fẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀. Màmá mi bi mí lórí fóònù pé, "Afẹ́fẹ́ lásán, wọ́n ń sanwó fún ọ lórí ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

OCO-2, sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà jù sókè ní 2014, máa ń kọjá ní kìlómítà 705 lókè wa, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Kì í fa afẹ́fẹ́ rárá. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà láti ilẹ̀ ló ń wò, tó ń ṣírò iye tí CO2 ti jẹ nínú rẹ̀. Ìgò tiwa ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó ṣeé gbé lọ sí láàbù, kí a fi wé gáàsì tí a ti mọ iye rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, iye CO2 inú ìgò mélòó kan ga ju ti sátẹ́láìtì lọ fíìfíì. Mo ti ń pariwo pé ọwọ́ ti tẹ sátẹ́láìtì. Ọ̀gá mi ò bá mi jiyàn. Ó so ẹ̀rọ tó ń ka CO2 mọ́ páìpù wa nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí n mí sí ibi tó ti gba ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀ kọjá. Nọ́ńbà fò sókè. Páìpù ń jò, èémí awakọ̀ ló ń wọ inú ìgò! Èémí ènìyàn ní CO2 tó nǹkan bí 40,000 nínú mílíọ̀nù kan. Afẹ́fẹ́ ìta, 400 lé díẹ̀ ni. Látìgbà náà, kí bàálù tó gbéra, mo máa ń dí ẹnu páìpù, kí n wò ó bóyá ó jò.

Èyí tó tì mí lójú jù ṣì ń bọ̀. Mo ti tún páìpù ṣe, mo ro ìgò 12 pọ̀, mo fi 12 pín in, síbẹ̀ kò bá ti sátẹ́láìtì mu. Kò lè bá a mu. Bí ènìyàn bá gun òkè dé kìlómítà 5.5, ìdajì afẹ́fẹ́ ayé ṣì wà lókè orí rẹ̀, sátẹ́láìtì sì ń wo gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tún ki ju tòkè lọ, kò yẹ kí a kà wọ́n bákan náà. Ẹ wá AirCore fún apá òkè: páìpù irin gígùn tí a ká bí òṣùká, tí bálúùnù ń gbé lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 30. Bó ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń tú jáde. Bó ṣe ń bọ̀ ni ti ìta ń wọlé, tòkè ló ń ṣáájú.

Ẹ má fò láàárọ̀ kùtù. CO2 tí ewéko àti ilẹ̀ mí jáde lóru ṣì dùbúlẹ̀ sórí oko nígbà yẹn. Bí ìkùukùu bá sì bo ojú ọ̀run, sátẹ́láìtì ò rí nǹkan kan. Ẹni tó mọ ojú ọ̀run oṣù Agẹmọ nílé mọ ohun tí mò ń wí.

Ìgbà tí mo ṣe gbogbo èyí tán, ìyàtọ̀ àárín àwa àti sátẹ́láìtì kò tó 1 nínú mílíọ̀nù mọ́. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní kí n lọ dí ẹnu páìpù, ìrìn ọ̀la ti kù sí dẹ̀dẹ̀.