Já, jásí, jápa

Ọ̀rọ̀ "já" ni mo ń yẹ̀ wò látàárọ̀. Okùn já, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹnu wa ń fi í ṣe. Ìpè já lórí fóònù. Àyà ń já. Ìsapá já sí pàbó. Ẹnìkan jáwé olúborí, ẹnìkejì já kulẹ̀. Ti àwọn àgbà ṣì ni gbogbo ìyẹn o. Ìgboro ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó dé ìgboro ló di "jásí". "Mo ti jásí" ni pé ojú mi ti là, ẹ ò lè tàn mí jẹ mọ́. Àwọn kan ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ń ba Yorùbá jẹ́, mi ò gbà. Ohun tí ọ̀rọ̀ já sí la ti ń sọ tipẹ́. Ẹni tó jásí ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ já sí nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni "Ó já mi sílẹ̀." Lẹ́nu ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, oore ni wọ́n ṣe é. Lẹ́nu ọmọbìnrin tí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ kọ̀ sílẹ̀, ẹkún ni. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ lórí fóònù níṣojú mi. Màmá bi í pé, "Ṣé ibi tó súnmọ́lé ló já ẹ sí?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Rárá, Màámi, kò súnmọ́lé rárá." Ohùn ẹ̀ ni màmá fi mọ̀. Wọ́n ní, "Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi."

Ti "jápa" ńkọ́? Kó tó di ti físà, ẹni tó sá fún wàhálà ló ń jápa: ọlọ́pàá yọ, àwọn ọmọ jápa. Ní báyìí, ẹni tó ta mọ́tò ẹ̀, tó gbàwé ìrìnnà, tó dágbére fún ìyá ẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, òun náà jápa. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti gbà á wọlé, ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tí wọ́n kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Inú mi dùn sí i, ó sì tún ń dùn mí, torí àwọn ọ̀dọ́ ò ṣi ọ̀rọ̀ yẹn yàn. "Ó rìnrìn àjò" wà ńlẹ̀ fún ẹni tó kàn ń rìnrìn àjò. Ẹni tó jápa, nǹkan kan ló dì í mú tẹ́lẹ̀ tó já kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n ti wá bí "jápadà" lé e, fún ẹni tó lọ tó sì padà wálé. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ọ̀hún ò gbè, ìyẹn ò dáa lójú mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lò ó fún ara wọn lórí fóònù, kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú ẹ̀. Oṣù tí wọ́n fẹ́ dé ni wọ́n ń sọ fún mi.