Àgọ́ kánfáàsì tí mo fọwọ́ rán, láti Tánkẹ̀ ní Ìlọrin dé Òwu

2 oṣù Kẹjọ

Mo ti rí aṣọ. Gbogbo ibi tí mo ti ń bèèrè kánfáàsì olówùú ní Ìlọrin, tàpólì oníke aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń nà sí mi. Àárọ̀ òní ni bàbá kan tó ń ta èlò ọkọ̀ akẹ́rù nítòsí Gáréèjì Ọ̀fà tú àlòkù kan jáde. Etí rẹ̀ ti gbó, epo ti ta sí i lára, àmọ́ nígbà tí mo fi èékánná ha àárín rẹ̀, mo rí i pé òwú ni lóòótọ́, híhun rẹ̀ sì ki. Ibi tó ṣì dáa lára rẹ̀ já sí awẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 1.25. Ìyá oníràìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá mi gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 4 ó lé díẹ̀.

Ìdí tí mo fi ta kú lórí òwú rèé. Bí abẹ́rẹ́ bá gún tàpólì oníke, ihò yẹn ò ní dí mọ́ láé, ibẹ̀ lomi yóò sì máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n bí òwú bá mu omi, yóò wú, fọ́nrán á fún mọ́ fọ́nrán, ihò abẹ́rẹ́ á dí fúnra rẹ̀. Ó wúwo, òótọ́ ni. Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ, a ó máa gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Òwu ni mo ń rán an fún, ní Ọ̀wá-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta bọ́ sáàárín igbó. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ sùn níbẹ̀. Mi ò fẹ́ yà fọ́tò kí n sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

10 oṣù Kẹjọ

Máṣíìnì ilé ò gbé e. Abẹ́rẹ́ méjì kán kí n tó rán mítà kan. Bí mo bá ti ká etí awẹ́ méjèèjì wọnú ara wọn bíi ti ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò jíǹsì, ìpele mẹ́rin ni abẹ́rẹ́ ní láti gún lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e lọ bá Bàbá Àlfáà, tó ń rán àpò àti ìjókòó mọ́tò ní àdúgbò wa. Máṣíìnì ńlá tiwọn gba ojúrán gígùn náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kò sì kọsẹ̀. Wọ́n wá mú igun tí mo ti fọwọ́ rán sílẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wọ́n mi orí.

"Òwú rẹ gbẹ jù. Lọ ra àbẹ́là wá."

Wọ́n ní kí n máa fa òwú náà gba ara àbẹ́là kọjá lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó ki í bọ abẹ́rẹ́. "Òwú tí ò bá mu ìda, omi ni yóò mu." Mo tú gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọn rán. Òwú oníìda kì í lọ́ mọ́ra wọn, bí o bá sì fà á le, ó máa ń dúró síbi tí o fà á dé. Bí mo ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wọn, tí òórùn àbẹ́là ń ta sí mi nímú, ìyá mi àgbà ni mo ń rántí, tí wọ́n hun òfì ní Ìlọrin yìí títí ojú wọn ò fi ríran dáadáa mọ́.

Mo fẹ́ lu òrùka irin mọ́ etí aṣọ lọ́jọ́ náà, irú èyí tí àwọn aránbàtà ń lù mọ́ ojú ihò okùn bàtà. Bàbá Àlfáà ní kí n dúró ná, kí aṣọ kọ́kọ́ mu omi.

17 oṣù Kẹjọ

Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rẹ ẹ́, tí mo sá a gbẹ lórí fẹ́ǹsì. Mítà 4 ti di mítà 3.88. Ká ní mo ti lu òrùka sí i ni, gbogbo etí rẹ̀ ni ì bá fà. Mẹ́rìnlá ni mo lù lónìí.

12 oṣù Kẹsàn-án

Òjò gidi ti pa á. Mo pàgọ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé, ọparun méjì ló gbé e dúró, okùn ọ̀rá àti èèkàn irin mẹ́jọ ló dì í mọ́lẹ̀. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi ń kán tín-ín-tín lójúrán. Lẹ́yìn náà ó dá, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń retí kí òwú wú. Èmi àti àbúrò mi dùbúlẹ̀, òjò ń lu aṣọ lókè wa, inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè fẹnu sọ.

Àbúrò mi bá na ìka sókè, ó fọwọ́ kan òrùlé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ó gbẹ!" Ibi tí ìka rẹ̀ kàn gan-an ni omi ti yọ, ẹ̀kán kan, òmíràn, títí ó fi di ìṣàn. Omi tó wà lára kánfáàsì ń rọra yọ̀ lọ sísàlẹ̀ ni. Bí nǹkan bá fara kàn án láti inú, ó ti rọ́nà wọlé nìyẹn. Mo gbé ìka mi sójú ibẹ̀, mo rọra fà á wálẹ̀ lára aṣọ títí dé etí. Omi náà tẹ̀ lé ìka mi, ó fi ojú ibi tó ti ń kán sílẹ̀. Ẹ dán an wò bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín.

Nígbà tí mo sì dìde, ẹ̀yìn mi ti tutù wọ̀ọ̀. Tàpólì tí mo tẹ́ sílẹ̀ yọ síta kúrò lábẹ́ òrùlé ní nǹkan bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Gbogbo omi tó ń ṣàn bọ́ láti òrùlé ló gbà sílẹ̀, tó sì darí rẹ̀ wá sábẹ́ wa. Mo ti gé e kúrú, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú yíká.

24 oṣù Kẹwàá, alẹ́ kìíní

A kúrò ní Gáréèjì Ọ̀fà ní kùtùkùtù, a gba Àjàṣẹ́-Ìpó àti Òmù-Àrán, ọ̀kadà ló gbé wa parí rẹ̀. Mo ti pe àwọn àgbà ìlú ṣáájú, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò ní igbó Gúúsù Kwara kì í ṣe ohun téèyàn ń fojú kéré. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ fún wa: a ò gbọdọ̀ sùn nísàlẹ̀ omi, ẹ̀gbẹ́ abà àwọn ọdẹ, létí odò, ni ká pàgọ́ sí. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, tó sì fẹ́ lọ: ẹ má wọ igbó láìjẹ́ kí onílé mọ̀.

Bàbá ọdẹ kan ló mú wa lọ wo omi. Àdá wọn ń lànà níwájú. Ìtàn ní ògbó, irú àdá kan tí àwọn baba ńlá wọn mú lọ́wọ́, ló mọ̀nà fún wọn, òun ló di Ìgbómìnà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, òní ni mo fojú rí ẹni tí irin ọwọ́ rẹ̀ ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀. A gbọ́ Òwu kí a tó rí i. Kùrukùru rẹ̀ ti ń tutù sí wa lójú nígbà tí igi ṣì dí wa lójú. Mi ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

25 oṣù Kẹwàá

Òjò ò rọ̀ rárá lóru, síbẹ̀ inú àgọ́ tutù rin láàárọ̀. Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ojúrán wò títí, kò sí ibi tó jò. Èémí wa ni. Ènìyàn mẹ́ta ń mí, a ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa nítorí ẹ̀fọn, afẹ́fẹ́ etí odò fúnra rẹ̀ sì ti rin tẹ́lẹ̀. Kò síbi tí ọ̀rinrin náà lè gbà jáde, ó wá di ìrì sára aṣọ.

Mo tún àgọ́ pa. Mo yí ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wá láti ojú omi, mo gbé etí aṣọ sókè ní ìbú ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sínú. Iyán àti ọbẹ̀ ìlasa tí ìyàwó ọdẹ kan gbé wá fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní gbàgbé rẹ̀.

26 oṣù Kẹwàá

Inú àgọ́ gbẹ láàárọ̀. Ó gbẹ táútáú!

Aago méjì òru àná kí òjò tó dé. Okùn ọ̀rá máa ń dẹ̀ bó bá mu omi, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà ìdè tó ń yọ̀ ni mo ta sídìí èèkàn kọ̀ọ̀kan: mo yí okùn po lẹ́ẹ̀mejì nínú, ẹ̀ẹ̀kan lóde. Bí o bá fi ọwọ́ tì í sókè, á lọ. Bí àgọ́ bá fà á, á dúró gbọin. Mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo tì wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, òrùlé sì tún le. Ohun tí mi ò ronú kàn ni ọparun. Ilẹ̀ rọ̀, ìdí ọ̀kan ń rì díẹ̀díẹ̀, àgọ́ ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá ọdẹ ti jí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà abà wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn yan òkúta pẹlẹbẹ kan wá láti ẹ̀bá ààrò, wọ́n gbé e fún mi. Mo fi í sábẹ́ ọparun. Kò rì mọ́.

28 oṣù Kẹwàá, Tánkẹ̀

Igun kan ti fẹ́ ya, èyí tó kọjú sí odò. Ìpele aṣọ kan ni mo fi tì í lẹ́yìn, méjì ló yẹ. Màá so òkúta pẹlẹbẹ méjì mọ́ ẹrù nígbà mìíràn. Ìbéèrè tó kù ni ti etí òkun: lọ́dún tó ń bọ̀ mo fẹ́ gbé e lọ sí Àràròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, iyọ̀ sì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, aṣọ tí omi òkun bá ta sí kì í gbẹ bọ̀rọ̀. A ní láti fi omi lásán ṣàn án kí a tó sá a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn létí òkun rí, omi mélòó lẹ gbé lọ fún irú rẹ̀?

Ó ṣì wà lórí fẹ́ǹsì. Mi ò ní ká a títí yóò fi gbẹ dénú ojúrán, nítorí bí kánfáàsì bá rin nígbà tí a ká a, á hu èébu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bà á. Apá òsì ló kù.