Ka kóòdù rẹ sétí ẹlòmíràn

Bí kóòdù bá ti dà ọ́ láàmú títí tí ojú rẹ kò rí nǹkan kan mọ́, wá ẹni tí wàá ṣàlàyé rẹ̀ fún. Kò pọn dandan kó gbọ́ Python, èdè tá a fi kọ kóòdù ìsàlẹ̀ yìí. Àwọn kan a máa gbé pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà sórí tábìlì, wọn a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ kò lè sọ pé "kò yé mi".

Wo èyí:

owo = [500, 0, 0, 1200]
for o in owo:
    if o == 0:
        owo.remove(o)
print(owo)

Gbogbo òdo inú list yìí (àkójọ iye tó tò tẹ̀ léra) la fẹ́ yọ. [500, 0, 1200] ló jáde.

Bí o bá ní "ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọ òdo", ohun tó wà lọ́kàn rẹ lo sọ yẹn, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìlà. Iye gan-an ni kó o máa pè: "Àyè 0, 500, fi sílẹ̀. Àyè 1, òdo, yọ ọ́. List ti di [500, 0, 1200], òdo kejì ti sún wá sí àyè 1. Loop (ìlà for tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan) bọ́ sí àyè 2..." Ibẹ̀ lẹnu á ti dúró. Ta ló wá wo àyè 1? Kò sẹ́ni tó wò ó. Bí òdo méjèèjì kò bá tẹ̀ léra, àṣìṣe yìí kò ní hàn rárá, ìyẹn ni test (ìdánwò tá a fi ń yẹ kóòdù wò) fi lè kọjá. List tuntun ni àtúnṣe rẹ̀:

owo = [o for o in owo if o != 0]

Kó o tó ka ìlà àkọ́kọ́, sọ ohun tó o fún kóòdù náà, ohun tó ò ń retí, àti ohun tó jáde. Má fo ibi kankan. "Ibí yìí kò ní wàhálà" ni àṣìṣe fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí.

Kí ẹni tó ń gbọ́ má fọwọ́ kan kíbọọ̀dù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tirẹ̀: "Báwo lo ṣe mọ̀?" Bí ìdáhùn rẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ó yẹ kó", fi print síbẹ̀ kó lè gbé iye náà jáde, kó o sì tún mú kóòdù náà ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Thread méjì (iṣẹ́ méjì tí kóòdù kan náà ń ṣe pa pọ̀) tó ń du nǹkan kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu kò lè pe ìlà méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Log (àkọsílẹ̀ ohun tí kóòdù ń ṣe) tó ní àkókò lára ni kó o kọ́kọ́ gbé síwájú.